Gìtá Oníke Ìyá Bọ́tìnnì

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Bọ́tìnnì fi ran bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì nílé iṣẹ́ aránṣọ kan ṣoṣo, gbogbo ọdún náà ló sì fi ń kọrin mọ́ ariwo ẹ̀rọ. Nígbà tó ku oṣù kan kó fẹ̀yìn tì, ẹnu rẹ̀ kó bá a. Ó sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pé lọ́jọ́ ìdágbére òun yóò kọrin fún wọn, òun fúnra òun ni yóò sì ta gìtá sí i. Gìtá wo? Obìnrin yìí kò ní nǹkan tó jọ gìtá rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni onígìtá ìdílé wọn, ó ti ń ta á láti ogójì ọdún, ó sì ti pinnu tipẹ́ pé etí àbúrò òun kò gba orin.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó rí èyí tí agbára rẹ̀ ká lórí tábìlì ẹni tó ń ta ọjà àlòkù: yukulélè, gìtá kékeré olókùn mẹ́rin, ike látòkè délẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n, ọrùn rẹ̀ funfun. Okùn kan péré ló kù lára rẹ̀, ìyẹn náà ti gbó. Ọlọ́jà ní ohun ìṣeré ọmọdé ni, pé ó ti pẹ́ láyé ju òun lọ. Ìyá Bọ́tìnnì ní kò burú, òun náà ti pẹ́ láyé jù ú lọ, òun ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó sanwó, ó gbé e sábẹ́ apá, ó sì ń yan lọ sílé.

Ó fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́. Nígbà tó dé òkè ọrùn, níbi tí wọ́n ti gé ojú mẹ́rin tí okùn ń gbà kọjá, ó rí i pé àwọn ojú náà kò dọ́gba. Ti òkè tẹ́ẹ́rẹ́, èkejì ló fẹ̀ jù, ẹ̀kẹta wà láàárín, ẹ̀kẹrin tún tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó ti ń fi ojú wọn òwú fún abẹ́rẹ́ láti ọjọ́ yìí wá kò nílò rúlà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì pẹ̀lú okùn wáyà tó yọ lára gìtá tirẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní okùn tó nípọn jù ló ń lọ sókè, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo gìtá ayé ṣe rí. Àbúrò ní kó wo ojú tí wọ́n gé síbẹ̀, pé ti òkè kò lè gbà á. Ẹ̀gbọ́n ní orin kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì. Ó fipá ki wáyà bọ̀ ọ́, ó ń lọ́ ọ, ike bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ọrùn funfun yẹn sì ń tẹ̀ bọ̀ níwájú. Àyà Ìyá Bọ́tìnnì já. Ọjọ́ méjìlá ló kù sí ọjọ́ ìdágbére, kò sì sí òmíràn níbì kankan. Ó já nǹkan náà gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí láti kékeré.

“Ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́. Ẹ mọ gìtá tiyín, mi ò bá yín jiyàn, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn.”

“Ta ló wá kọ́ ẹ?”

“Ojú tí wọ́n gé síbẹ̀ yẹn náà ni. Ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń fẹ́.”

Ẹ̀gbọ́n bínú. Ó kó wáyà rẹ̀, kò tilẹ̀ mu omi tí wọ́n gbé fún un.

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn iṣẹ́, Ìyá Bọ́tìnnì lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ìpẹja. Ó ní kí wọ́n gé okùn ọ̀rá fún òun, tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, nínípọn kan, èyí tó wà láàárín kan. Wọ́n bi í pé irú ẹja wo ló fẹ́ pa. Ó ní ẹja tó ń kọrin ni. Nílé, ó so wọ́n bí ó ṣe ń so ìdí òwú bọ́tìnnì, ìso tí ẹnì kankan kò ráhùn rí pé ó tú. Àmọ́ ọ̀rá tuntun kò mọ ìjókòó. Yóò lọ́ ọ títí ohùn rẹ̀ á fi dọ́gba, kí omi tó gbé kaná tó hó, ohùn náà ti wálẹ̀. Àárọ̀ ló ń lọ́ ọ, alẹ́ ló ń lọ́ ọ, etí tí wọ́n ní kò gba orin yẹn náà ló sì fi ń bá a wí. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹsàn-án, okùn gbà. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ìka mọ́ ọn nínú ìwé kékeré kan tó ní àwòrán, ìka tí abẹ́rẹ́ sì ti gún le kò mọ ìrora okùn.

Ọjọ́ pé, wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, ó jókòó lẹ́yìn pátápátá, ó ká apá mọ́ra. Nígbà tí wọ́n rí ike aláwọ̀ ìbẹ́pẹ, ẹ̀rín sọ. Ìyá Bọ́tìnnì jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, ó wá ta á. Ohùn náà mọ́ kedere, ó ń jó sókè, ó ń jó sódò. Orin tó ti fi ń pa àárẹ̀ wọn látọdúnmọ́dún ló kọ, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí wọ́n gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Àwọn tó rẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ gbe orin náà. Inú rẹ̀ dùn, ó tún gbé ohùn sókè sí i.

Nígbà tí àtẹ́wọ́ rọlẹ̀, ọ̀gá ilé iṣẹ́ yíjú sẹ́yìn, ó kí ẹ̀gbọ́n tó mọ̀ sí onígìtá pé ẹ kú iṣẹ́, sà, pé ó hàn pé ọwọ́ yín ni àbúrò yín ti kọ́ ọ. Gbogbo ojú lọ síbẹ̀. Ìyá Bọ́tìnnì náà wò ó. Ọkùnrin náà lè gbé oríyìn yẹn mì, kò sẹ́ni tí yóò bi í. Ó dìde.

“Kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ọ,” ó sọ ọ́ sókè kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà lè gbọ́. “Díẹ̀ ló kù kí n bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òun ló mọ̀ ọ́n. Èmi ò mọ̀ ọ́n.”

Lẹ́yìn náà, ó gbé àga rẹ̀ wá síwájú, ó jókòó, ó sì ní kí àbúrò òun jọ̀wọ́ tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.