Ọdún Tí A Sá Eré Ọkọ̀ Agolo ní Ṣàbẹ

Lánàá, ọmọ ọmọ mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi, ó ń wo eré ọkọ̀ lórí fóònù rẹ̀. Ojú mi kò ríran dé ibẹ̀ mọ́, ariwo rẹ̀ ni mo ń gbọ́, bí oyin tí wọ́n fi èéfín lé kúrò nínú ihò igi. Mo bi í pé ọkọ̀ ta ló yá jù. Ó ní, "Bàbá, ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń wà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wà ló ń borí." Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé òun ni mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Kò mọ̀ pé mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀, lẹ́nu olùkọ́ wa kan tó wọ kákí, lábẹ́ igi máńgòrò ilé-ìwé wa ní Ṣàbẹ níbí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ àsìkò Rẹfolúsíọ́n, ìyípadà tí àwọn ológun kéde. Àwọn ológun ló ń ṣe ìjọba, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà, kákí kan náà ni gbogbo ọmọ ilé-ìwé ń wọ̀. Láàárọ̀, kí a tó wọ kíláàsì, a ó na ẹ̀ṣẹ́ sókè, a ó pariwo pé ìjà ń tẹ̀ síwájú. Ta ni à ń bá jà? Èmi kò mọ̀, n kò sì béèrè. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tó bá di ọ̀sán, a ó gbé ọkọ́, a ó kọjá sí oko ilé-ìwé, nítorí wọ́n ní ilé-ìwé gbọ́dọ̀ bọ́ ara rẹ̀. Àgbàdo oko náà kò dára rí, àwa náà la sì ń jẹ ẹ́.

Mẹ̀sì la máa ń pe olùkọ́ nígbà náà. Mẹ̀sì tiwa wá láti ìhà Àjàṣẹ́, ní gúúsù lọ́hùn-ún. Ó ga, ó pẹ́lẹ́ńgẹ́, Yorùbá ẹnu rẹ̀ a máa pa wá lẹ́rìn-ín, tiwa náà a sì máa pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní àbúrò kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní ilẹ̀ Faransé, tó máa ń fi ìwé ìròyìn eré ọkọ̀ ránṣẹ́ sí i. Ọkọ̀ òfuurufú á gbé e dé Kùtọnú, ọkọ̀ ojú irin á gbé e dé gáà, ibùdó rẹ̀ ní Ṣàbẹ, nígbà tí yóò bá fi dé ọwọ́ Mẹ̀sì, ìròyìn inú rẹ̀ ti hu irùngbọ̀n. Ẹni tí à ń bá yọ̀ nínú ọyẹ́, ìgbà òjò ló ti borí. Ìyẹn ò ní ká má yọ̀.

Inú àwọn ìwé wọ̀nyẹn la ti rí i pé eré kan wà ní Yúróòpù tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ kan náà ni gbogbo ọkọ̀ tó ń sá a ti wá, ẹ́ńjìnnì kan náà, táyà kan náà. Wọ́n á sá a ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n á sá a ní Bẹ́ljíìkì, wọ́n á sá a ní Ìtálì, wọ́n á máa ro àmì ẹnì kọ̀ọ̀kan pọ̀ títí ọdún eré á fi parí. Mẹ̀sì á túmọ̀ rẹ̀ fún wa lẹ́yìn ẹ̀kọ́, oníkálukú wa sì mú awakọ̀ tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi Ṣàbí mú ọ̀kan tó ń dé akoto aláwọ̀ ìyeyè, tó jẹ́ pé ipò kejì ló máa ń wà ṣáá. Gbogbo wa fi í ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n Ṣàbí ni orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọkùnrin kejì nínú ìdílé wọn, ó sì ní ẹni kejì gbọ́dọ̀ ti ẹni kejì lẹ́yìn.

Kò pẹ́ tí àwa náà fi bẹ̀rẹ̀ tiwa. Àwọn òyìnbó tó wá kọ́ ilé-iṣẹ́ ṣúgà nígbà yẹn a máa jẹ sàdíìnì bí ẹni tí wọ́n fi bú, àwa a sì máa ṣa agolo rẹ̀. Agolo sàdíìnì kan, ẹsẹ̀ mẹ́rin tí a gé lára sálúbàtà tó ti gbó, irin tẹ́ẹ́rẹ́ láti inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, àti igi gígùn tí a ó fi máa tì í níwájú bí a ti ń sáré: ọkọ̀ dé nìyẹn. Mẹ̀sì ló ń yẹ̀ wọ́n wò kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Agolo tó bá yàtọ̀, kò gbà á. Ọmọ kan fi òrí pa ìdí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tirẹ̀ níkọ̀kọ̀, kí ó lè máa yọ̀ lọ. Eruku Ṣàbẹ lẹ̀ mọ́ òrí náà, ọkọ̀ rẹ̀ kò sì kúrò lójú kan. Mẹ̀sì kò nà án, ó ní eruku ti bá òun nà án.

Ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ òṣèlú wá bi Mẹ̀sì pé kí ló kan Rẹfolúsíọ́n nínú eré àwọn olówó Yúróòpù. Mẹ̀sì dáhùn pé, "Kamarádì, ẹ wò ó, agolo kan náà ni gbogbo wọn ní. Kò sí ọmọ olówó, kò sí ọmọ tálákà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wà ló ń borí." Ọ̀gá náà ro ọ̀rọ̀ náà síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó ní kí a máa bá a lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ tirẹ̀ gbé agolo dé.

Wàhálà tó kọ́kọ́ dé bá wa kì í ṣe ti ìjọba, ti àwọn àgbà ni. Nínú eré tí a pè ní Bẹ́ljíìkì, tó gba ẹ̀yìn ọjà kọjá, a bá ìyá arúgbó kan pàdé tó ru igi ìdáná. Àwọn kan dúró kí i. Àwọn kan sá kọjá lára rẹ̀ bí ewúrẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Àwọn òbí wá bá Mẹ̀sì, wọ́n ní ṣé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ nìyí, kí wọ́n máa fò lórí àgbà. Mẹ̀sì tọrọ gáfárà. Ó wá rántí pé ní Yúróòpù, bí nǹkan bá wà lójú ọ̀nà eré, wọ́n máa ń ju àsíá aláwọ̀ ìyeyè, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ẹni tó wà níwájú rẹ̀ títí ọ̀nà á fi mọ́. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, àgbà ni àsíá wa. Ẹni tó bá pàdé àgbà lọ́nà, kó dúró, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn á dúró sí ẹ̀yìn. Ìgbà tí ìkíni bá parí ni eré yóò tó tún bẹ̀rẹ̀. N kò rò pé ibòmíràn wà láyé tí wọ́n ti sá irú eré bẹ́ẹ̀.

Obìnrin tó mọ̀ ọ́n sá jù láàárín wa ni Àdùkẹ́. Kí n má purọ́, òun ló mọ̀ ọ́n sá jù láàárín gbogbo wa, Ṣàbí nìkan ló ń lé e bá. Ọkọ̀ tèmi a máa yà sínú koto bí ẹni pé owó rẹ̀ sọnù síbẹ̀. Ọdún náà ni bàbá Àdùkẹ́ pinnu pé kó fi ìwé sílẹ̀, kó lọ bá ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ní Ọ̀kpàrà, tó ń ṣe gàrí, tó sì ń wá ẹni tí yóò máa bá a rin ẹ̀gẹ́. Àdùkẹ́ sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Mẹ̀sì lọ bẹ bàbá rẹ̀. Ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kí àwọn ènìyàn máa fi ọ̀rọ̀ òun rẹ́rìn-ín. Ó ní lójú gbogbo agbo ilé, "Mẹ̀sì, ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Bó bá borí gbogbo ọkùnrin nínú eré agolo yín yẹn, yóò kàwé títí dé sẹ̀tífíkà. Bí kò bá borí, kí ẹnikẹ́ni má tún kan ilẹ̀kùn mi lórí ọ̀rọ̀ yìí." Agbo ilé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́.

Nígbà tó ku eré ìkẹyìn, àmì Àdùkẹ́ àti ti Ṣàbí dọ́gba. Ẹni tó bá ṣáájú ẹnì kejì ní Ìtálì ló ni ọdún. Ìtálì wa bẹ̀rẹ̀ ní gáà, ó gba ẹsẹ̀ òkè kọjá, ó parí sí abẹ́ igi máńgòrò. Àdùkẹ́ ló gba iwájú, Ṣàbí tẹ̀ lé e, àwa yòókù tò sẹ́yìn. A ti ń wo igi máńgòrò lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí bàbá Àdùkẹ́ yọ lójú ọ̀nà láti oko rẹ̀ ní Bónì, tó ń ti kẹ̀kẹ́, iṣu lẹ́yìn rẹ̀.

Àdùkẹ́ kúnlẹ̀. Àwa dọ̀bálẹ̀. Ó dá wa lóhùn, ó wá tú iṣu náà, ó ní, "Àdùkẹ́, gbé èyí lọ fún ìyá rẹ." Títí di òní n kò lè sọ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, tàbí ó kàn rí ọmọ rẹ̀ ló fi rán an níṣẹ́, bí gbogbo bàbá ti ń ṣe. Àdùkẹ́ wo igi máńgòrò. Ó fi ọkọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó gbé iṣu lérí, ó lọ. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Bàbá ní, "Ẹ dìde, ẹ máa lọ." Ká ní Ṣàbí dìde ni, tirẹ̀ ni ọdún. Ọ̀nà ti mọ́, àsíá ti wálẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀, mo rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Kò mira.

Ó ní, "Ẹ kú oko, bàbá."

Bàbá ní, "Ooo."

"Ẹ kú oòrùn. Ẹ kú ẹrù. Ẹ kú ìdúró."

Bàbá dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹni tí a bá kí gbọ́dọ̀ dáhùn. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà yé àwa náà. Ẹnì kan gbà á lẹ́nu rẹ̀ pé ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀. Òmíràn kí i kú ará-fẹ́ra-kù ìyá rẹ̀ àgbà, tó ti kú kí a tó bí èyíkéyìí nínú wa. Nígbà tó kàn mí, ìkíni ti tán lẹ́nu mi, mo bá ní, "Ẹ kú àtijọ́, bàbá."

Ó ní, "Àtijọ́ kẹ̀? Ṣebí ìwọ lo wá bu iná nílé mi láàárọ̀ yìí!"

Ó wò wá lórí ilẹ̀, ó wo ọkọ̀ agolo ọmọ rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó pòṣé. Ṣùgbọ́n kò lọ. Ó fara ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń sọ pé "ooo, ooo" títí Àdùkẹ́ fi sáré padà dé. Ìgbà tí ọmọ náà gbé igi ọkọ̀ rẹ̀ ni Ṣàbí tó dìde, tó gbọn eruku àyà rẹ̀.

Ẹ má rò pé ó wá yọ̀ǹda fún un o. Ó lé e bí ẹni tí agbọ́n ń lé. Díẹ̀ báyìí ni Àdùkẹ́ fi ṣáájú rẹ̀ dé abẹ́ igi. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ wá bá Mẹ̀sì, ó ní òun ti sọ ọ́, òun ti sọ ọ́. Àdùkẹ́ gba sẹ̀tífíkà, ó di agbẹ̀bí. Òun ló gbẹ̀bí ìyá ọmọ tó ń wo fóònù yìí.

Nígbà tí ilé-ìwé wọlé lẹ́yìn ìsinmi, a kò rí Ṣàbí. Bàbá rẹ̀ tó ń gbé ní abúlé Òfẹ̀ ti fà á lé àbúrò bàbá náà kan lọ́wọ́, wọ́n ti kọjá sí Nàìjíríà lọ ṣiṣẹ́ oko. Kò sí ẹni tó lọ bẹ bàbá tirẹ̀, nítorí Ṣàbí kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ohun kan wà tí a lè bẹ̀bẹ̀ fún. Ó dùn mí, ó sì ń dùn mí. Wọ́n gbé Mẹ̀sì náà lọ sí ìlú mìíràn kí ìwé ìròyìn tó gbẹ̀yìn tó dé, a kò sì mọ ẹni tó gba ife ọdún náà ní Yúróòpù.

Mo ròyìn gbogbo èyí fún ọmọ ọmọ mi lánàá. Ó ní ṣé ìyẹn náà ni, ó tẹ fóònù rẹ̀ díẹ̀, kí n tó sín, ó ti rí i. Alákoto ìyeyè náà ni. Ó ṣe kejì ṣe kejì títí àmì rẹ̀ fi pọ̀ ju ti gbogbo wọn lọ.

Inú mi dùn, mo ní ó dáa, wá bá mi wá Ṣàbí nínú rẹ̀, kí n lè sọ fún un. Ó bi mí ní orúkọ bàbá Ṣàbí. N kò mọ̀ ọ́n. Ó bi mí ní orúkọ ìlú tó lọ ní Nàìjíríà. N kò mọ̀ ọ́n. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá, Ṣàbí kún Ṣàbẹ." Ó wá dọ̀bálẹ̀ kí mi pé ó dàárọ̀, bí a ti kọ́ ọ. Mo dá a lóhùn, ṣùgbọ́n mo rántí àtẹ́lẹsẹ̀ Ṣàbí, mo pẹ́ díẹ̀ kí n tó sọ fún un pé kó dìde.