Bàbá Òṣùwọ̀n àti Ọmọ Tí Ara Rẹ̀ Tutù

Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tí Bàbá Òṣùwọ̀n ti ń wọn ọmọ ọwọ́ ní ilé ìwòsàn kan. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni òṣùwọ̀n rẹ̀ wà, onírin tí ojú rẹ̀ rí bíi ti aago, tí ṣòkòtò aláṣọ kan rọ̀ sí nísàlẹ̀ fún ẹsẹ̀ ọmọ. Bí ọmọ bá ti wọ inú rẹ̀, á máa fì dirodiro, á sì ké débi pé aláǹgbá orí àjà á kó ẹrù. Òfin kan ṣoṣo ni Bàbá ní: ìhòòhò ni ọmọ gbọ́dọ̀ wà. Ó ní ọmọ lòun ń wọn, òun kì í wọn aṣọ.

Dókítà tó wà níbẹ̀ ò ráyè irú ìyẹn. Wàràwàrà ni àwọn ìyá ń pè é lẹ́yìn. Kí ìyá ọmọ tó fìdí kan àga, ó ti kọ "ibà" sórí káàdì. Ọmọ wúkọ́, ibà ni. Ọmọ já bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, ibà ni. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan ó kọ oògùn ibà fún ọmọlangidi tí ọmọdébìnrin kan gbé dání, ó sì ní kó máa lò ó lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́.

Lọ́jọ́ Ajé kan, obìnrin télọ̀ kan gbé ọmọ rẹ̀ wá, ọmọbìnrin olóṣù méje, ara rẹ̀ gbóná bí irin ìlọṣọ. Wàràwàrà kọ ibà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní kò síbà lára ọmọ. Ó ní àyẹ̀wò ló ṣìnà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ télọ̀, obìnrin tó gbà pé ọmọ márùn-ún tóun bí ti sọ òun di ọ̀jọ̀gbọ́n, ní eyín ló ń hù. Wọ́n dá ọmọ dúró, wọ́n ń da oògùn sí i lẹ́nu.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ara ọmọ tutù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ń dúpẹ́ káàkiri. Wàràwàrà ń yan bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ti oòrùn wọ̀. Ó ní kí wọ́n wọn ọmọ kí wọ́n máa lọ sílé.

Bàbá bọ́ aṣọ ọmọ, ó gbé e kọ́. Ọmọ tó ké lé aláǹgbá lọ́jọ́ Ajé kò tilẹ̀ ṣe họ̀n. Ọrùn rẹ̀ rọ̀. Nígbà tí Bàbá gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó rí àmì pupa wínníwínní yí itan rẹ̀ ká níbi tí etí ṣòkòtò ti fún un, bí ẹni fi ẹnu abẹ́rẹ́ gún un. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Èéyi lásán á ṣá lábẹ́ ìka. Eléyìí ò ṣá. Ẹsẹ̀ ọmọ tutù bí omi àmù. Ó bi ìyá léèrè, ìyá ní láti àárọ̀ ni aṣọ ìdí rẹ̀ ti gbẹ, kò gba ọmú, ó sì ti bì lẹ́ẹ̀mẹta.

Bàbá rántí nǹkan kan. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, onímọ̀ kan wá bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ibà dẹ́ńgì, tí ẹ̀fọn tó ń jẹni lọ́sàn-án ń gbé kiri. Àwọn tí wọ́n fún ní àga sùn lọ. Bàbá nìkan ni wọn ò fún, ìdúró ló wà tó fi gbọ́ gbogbo rẹ̀: pé àmì pupa tí kì í ṣá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń jò lábẹ́ awọ, àti pé ìgbà tí ara ọmọ bá tutù gan-an ni ewu lè dé.

Ó dé kálàmù rẹ̀. Bí kò bá sì kọ ìwọ̀n, ọmọ ò lè lọlé. Wàràwàrà jáde wá.

"Bàbá, ẹ kọ ọ́ kí wọ́n máa lọ."

"N ò ní kọ ọ́. Ẹ wá wo itan ọmọ."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ pòṣé. "Ẹni tó ń wọn ọmọ ló wá di dókítà wa lónìí?"

Wàràwàrà rẹ́rìn-ín. "Ṣòkòtò yín ló fún un."

"Ṣòkòtò yìí ti fún ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ọmọ, kò fín ẹnì kankan lára báyìí. Dókítà, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ yìí ń lọ mọ́ wa lọ́wọ́."

Ìyá ọmọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbalaja, ó ní òun ò lọ síbì kankan. Ìyá mẹ́rìnlá tó wà lórí ìlà sì ń wò. Ìtìjú ló ti Wàràwàrà sídìí ọmọ, kì í ṣe àánú. Ó tẹ àmì kan. Ó tẹ òmíràn. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò ní dẹ́ńgì ni, àti pé ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ti lọ sílẹ̀ gan-an. Wọ́n fa omi sí ọmọ lára, nọ́ọ̀sì ń ka bó ṣe ń kán. Gbogbo wọn wá ń retí ìtọ̀ bí ẹni ń retí òjò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá dókítà dé. Wàràwàrà ti di ọ̀mọ̀ràn. Ó ní òun lòun rí àmì náà, ojú òun kì í fo nǹkan. Ó gbé ọmọ sókè kí ọ̀gá lè rí itan rẹ̀ dáadáa.

Ọmọ tọ̀ sí i lára, láti ọrùn dé bàtà.

Ìyá ọmọ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ dókítà, ó fi ọmú sí i lẹ́nu, ọmọ sì ń fà á mu kíkankíkan. Ní ti Bàbá, ẹni tó bá fẹ́ gba ìyìn ọ̀rọ̀ náà, kó máa gbà á.