Ìkúnlẹ̀ Tó Lé Mi Kúrò Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ̀yin tí ẹ wo tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ Sátidé yẹn, tí ẹ ń bi mí pé ibo ni mo wọlé sí lójijì, ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ilẹ̀ kọ́ ló gbé mi mì. Mo kúnlẹ̀ ni.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ mí, fọ́tòkọ́pì ni mò ń ṣe ní Agbowó. Gbogbo ìwé tí àwọn ọmọ yunifásítì bá gbé wá ni mo máa ń kà kí n tó dá a padà: ìwé nípa eegun ara, nípa ogun, nípa òkè tó ń yọ iná. Ṣé iṣẹ́ ni mò ń ṣe àbí amí? Kò tíì yé ọkọ mi títí dòní.

Ìwé oníwèé yìí náà ló gbé mi dé ìdíje ìbéèrè ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Ring Road. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi borí gbogbo ẹni tó wá. Ẹni tó bá borí lọ́sẹ̀ méje léraléra ló máa ṣojú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Àbújá. Ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Mo ti ra báàgì. Mo tiẹ̀ ti ní kí wọ́n kọ "Champion" sára pátákó ṣọ́ọ̀bù mi.

Mo dé ibẹ̀ lọ́sẹ̀ keje, ta ni mo rí nídìí tábìlì kejì? Tíṣà Adéòtí, tó kọ́ mi ní kíláàsì karùn-ún ní Ṣakí! Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, Apete ni wọ́n ń gbé báyìí. Àwọn tó kọ́ mi ní orúkọ odò, ṣé èmi ni n óò wá já ìdáhùn gbà mọ́ wọn lẹ́nu?

Ìdíje náà kò lọ́jú pọ̀: ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ aago ló máa dáhùn. Bó bá ṣì í, ẹnì kejì ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. A ń lọ lọ́gbọọgba títí a fi ní máàkì mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, ó wá ku ìbéèrè kan. Olóòtú bèèrè olú ìlú Australia. Tíṣà tẹ aago, wọ́n ní Sydney.

Olóòtú ní rárá, ó yíjú sí mi. Canberra ti wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe máa sọ lójú gbogbo ayé pé tíṣà òun ṣì í? Mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ tọrọ gáfárà. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà, kì í ṣe pé ẹ ò mọ̀ ọ́n o..."

Tábìlì yẹn ga. Irun orí mi nìkan ni kámẹ́rà rí. Kí n tó dìde, àkókò ti tán. Olóòtú bi wá ní ìbéèrè kan sí i, mò ń wojú tíṣà bóyá wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ tẹ aago. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì gbà á. Bí Àbújá ṣe lọ nìyẹn.

Mo lọ bá wọn níta, mo rò pé wọ́n máa ṣàdúrà fún mi. Inú ń bí wọn. Wọ́n ní oṣù kan làwọn fi kàwé nítorí mi, àwọn ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ àwọn ni mí, àwọn sì fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti kọjá àwọn. "Ta ni mo wá borí báyìí, Fọláṣadé? Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Wọn ò ní kí ọmọdé sá sábẹ́ tábìlì."

Tíṣà ò padà lọ sí ìdíje náà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Wọ́n ní àwọn ò borí ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ló dùn mí jù. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́, mo sunkún nínú mọ́tò títí a fi dé Ṣàngó.

Ní báyìí, ká lè mọ ẹni tó borí lóòótọ́, ọjọọjọ́ Sátidé ni mò ń lọ sílé wọn ní Apete. Ìyàwó wọn ló ń bi wá ní ìbéèrè, ìdérí ìkòkò méjì la fi ṣe aago. Mo máa ń kúnlẹ̀ dáadáa lẹ́nu ọ̀nà. Tí mo bá ti jókòó, ìkúnlẹ̀ parí nìyẹn. Sátidé tó kọjá, mo gba méjìlá, wọ́n gba mẹ́sàn-án. Wọ́n yíjú sí ìyàwó wọn: "Ìyá Bọ̀dé, ṣó o rí i? Mo kọ́ ọmọ yìí, ó sì mọ̀ ọ́n."

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó kọ́ ọ kò kọ́ ọ kó o lè máa dúró dè é. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ni ẹ ti torí ọ̀wọ̀ gbé ipò yín sílẹ̀ fún rí, tí inú rẹ̀ ò sì dùn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá kúnlẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ ọ́.