Pupa Bàbá Wa

Òórùn ọ̀dà ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó gba àárín pákó ilẹ̀ ilé wa tó wà lórí omi wọlé, ó sì bo èéfín ẹja tí ìyá wa ń yan mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo jáde sí iwájú ilé, níbi tí a máa ń so ọkọ̀ mọ́ òpó, mo bá bàbá wa tó jókòó ti àwọn kẹ́ẹ̀gì òfìfo, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn wọ́n ní pupa. Bàbá Ìdòwú, aládùúgbò wa, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń kun tirẹ̀ ní gíríìnì. Àwọn méjèèjì jọ dàgbà ni, ibì kan náà ni wọ́n sì jọ ń dẹ àwọ̀n sí.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà lágbègbè Mólútẹ̀hìn yóò rántí bí àwọ̀n ṣe máa ń dá ìjà sílẹ̀. Bí omi bá ru, á gbé àwọ̀n ẹnìkan lọ bá ti ẹlòmíràn, kò sì ní sí ẹni tó lè dá tirẹ̀ mọ̀. Ìdí nìyẹn tí baálẹ̀ fi ní kí ilé kọ̀ọ̀kan yan àwọ̀ kan, kí wọ́n fi kun kẹ́ẹ̀gì tó ń léfòó lórí àwọ̀n wọn. Ìyá wa ló yan pupa fún wa nígbà tó lọ ra ọ̀dà ní Igbókòdá. Bàbá kò ta kò ó. Nígbà tó kùn wọ́n tán tí wọ́n sì gbẹ, ó ní kí n bá òun ṣa tiwa kúrò lára ti Bàbá Ìdòwú. Mo ṣa wọ́n, mo sì bá eré mi lọ.

Nínú ilé wa, a kì í sábà dárúkọ àwọ̀ kọjá funfun, dúdú àti pupa. Epo pupa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n náà pupa, àbúrò ìyá wa tí awọ ara rẹ̀ mọ́ náà pupa. Ewé dúdú, ibi tí omi ti jìn náà dúdú. Èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gbé gbogbo ayé rẹ̀ lábúlé wa láìsí ẹni tó máa bi í ní ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí a ti mọ̀ mọ́ Bàbá. Bí wọ́n bá rán an sí ata tí ìyá wa gbìn sínú bàsíà tó ti lu, èyí tó pọ́n àtèyí tí kò tíì pọ́n ni yóò já pọ̀. Ó ra aṣọ kan fún ìyá wa rí, ó ní pupa ni, ó sì jẹ́ àwọ̀ ewé tó fẹ́ gbẹ. Ìyá wa a máa sọ pé, "Ọkàn yín ò sí nílé, Bàbá Ọmọ́wùmí." Bàbá a rẹ́rìn-ín, á sì wá nǹkan mìíràn ṣe.

Ọdún yẹn ni Ańtí Bísí dé sí ilé ìwé wa. Ìkìrun ló ti wá, ẹ̀rù omi sì ń bà á débi pé ọwọ́ méjèèjì ló fi ń di etí ọkọ̀ mú. Ó gbé agolo ọ̀dà mẹ́ta kalẹ̀ níwájú wa: pupa, yẹ́lò àti búlúù. A bi í pé níbo ni ìyókù wà. Ó ní inú àwọn mẹ́ta yìí ni ìyókù wà. Ó po yẹ́lò mọ́ búlúù lójú wa, gíríìnì sì jáde. Ó po pupa mọ́ yẹ́lò, ó di àwọ̀ ọsàn. Ó po pupa mọ́ búlúù, ó di àwọ̀ àlùkò. Ó ní kò sí bí a ṣe lè po àwọ̀ mìíràn kó bí àwọn mẹ́ta náà, àwọn ló ń bí ìyókù. Lẹ́yìn náà ló ní kí a kùn wọ́n yípo bí ẹnu agbọ̀n. Ó fi hàn wá pé pupa àti gíríìnì kọjú síra wọn nínú àyípo náà. Bí a bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìkíní á mú kí ìkejì tàn, ṣùgbọ́n bí a bá pò wọ́n, àwọn méjèèjì á kú, wọ́n á di àwọ̀ ẹrẹ̀.

Lọ́jọ́ kan náà ló tún ní kí a pa ojú dé díẹ̀, kí a má pa á dé tán, kí a wá wo iṣẹ́ wa. Ó ní yàtọ̀ sí orúkọ tí àwọ̀ ń jẹ́, ó tún ní bó ṣe mọ́lẹ̀ tó àti bó ṣe ṣókùnkùn tó. Mo ṣe bó ṣe wí. Yẹ́lò ṣì ń tàn, búlúù ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n pupa àti gíríìnì tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan náà. Ó yà mí lẹ́nu gan-an, mo sì ká ìwé náà lọ sílé.

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí òjò ńlá kan rọ̀, tí omi sì ru. Nígbà tó rọlẹ̀, Bàbá wa ọkọ̀ lọ wo àwọ̀n, ó sì kó ẹja tó pọ̀ bọ̀. Inú gbogbo wa dùn. Ìyá wa ti ń dáná tí yóò fi yan án nígbà tí Bàbá Ìdòwú wa ọkọ̀ dé, tí kò kí ẹnikẹ́ni. Àwọ̀n wà nínú ọkọ̀ bàbá wa, kẹ́ẹ̀gì tó wà lára rẹ̀ sì jẹ́ gíríìnì.

"Àwọ̀n mi lo kó," ni ó wí.

Bàbá ní òun rò pé tòun ni. Bàbá Ìdòwú wo kẹ́ẹ̀gì náà, ó wo bàbá wa.

"Ọmọ kékeré mọ pupa yàtọ̀ sí gíríìnì. Ṣé èmi lo wá fẹ́ fi ṣe òmùgọ̀?"

Bàbá wa kó àwọ̀n àti ẹja náà fún un, ó sì wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti gba ojú omi kan. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń yan ẹja gbé agbọ̀n wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá wa. Baálẹ̀ ránṣẹ́ pé bí Bàbá kò bá ní àlàyé tó yé èèyàn, kó má ṣe dẹ àwọ̀n láàárín àwọn tó kù mọ́. Ìyá wa sunkún, ó ń bi í pé ṣé ebi pa wá débẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé àyípo àwọ̀ mi jókòó ti Bàbá, torí mo fẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Mo ní kó fi pupa hàn mí. Ìka rẹ̀ rìn lórí ìwé náà, ó dúró sórí gíríìnì. Kíá ni mo sọ pé rárá, gíríìnì nìyẹn. Ó gbé ìka náà sórí pupa, ó ní ṣé èyí ni.

"Ọmọ́wùmí," ni ó wí, "kí lo ń rí tó o fi mọ ìyàtọ̀ wọn?"

Ìyá wa, tó ń fọ ẹja lẹ́nu ọ̀nà, dáwọ́ dúró. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wá gba ìwé náà, ó sì ń tọ́ka sí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń bi í léèrè jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wá ibi tó ń dun ọmọ.

"Aṣọ tí ẹ rà fún mi," ni ó wí.

Mo lọ sọ ọ́ fún Ańtí Bísí. Ó ní wọ́n máa ń bí àwọn èèyàn kan bẹ́ẹ̀, pé kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe pé wọn kì í fiyè sí nǹkan. Ojú wọn ríran dáadáa, pupa àti gíríìnì ni kò yàtọ̀ síra lójú wọn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé nílé baálẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, Ańtí Bísí wọ ọkọ̀ wá, bí ẹ̀rù omi tilẹ̀ ń bà á. Ó ti ya àmì kéékèèké pupa kún ojú ìwé kan, ó sì fi àmì gíríìnì ya ẹja sáàárín wọn, ó rí i dájú pé àwọ̀ méjèèjì ṣókùnkùn dọ́gba. Ó bẹ gbogbo wa pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Bàbá wò ó títí, ó ní àmì kéékèèké nìkan ni òun rí, bẹ́ẹ̀ gbogbo àwa yòókù ti rí ẹja. Nígbà tí Ańtí gbé ìwé kejì jáde, tí ẹja jẹ́ búlúù láàárín yẹ́lò, Bàbá ní, "Ẹja nìyẹn," kí ó tó gbé e kalẹ̀ tán.

Bàbá Ìdòwú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ṣé torí èyí ló ṣe máa ń ní kí òun bá a yan máńgòrò tó pọ́n nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé.

"Láti kékeré ni," ni bàbá wa wí. "Ẹ ń pe nǹkan kan náà ní orúkọ méjì. Mo rò pé ohun kan wà tí wọ́n kọ́ gbogbo yín tí wọn ò kọ́ mi. Ojú ń tì mí láti bèèrè."

Bàbá Ìdòwú dìde kúrò níbi tó wà, ó wá jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ańtí bi àwa ọmọ ilé ìwé pé àwọ̀ wo ló yẹ kí wọ́n lò. Èmi ni mo dáhùn: yẹ́lò fún wa, búlúù tó ṣókùnkùn fún ilé Bàbá Ìdòwú. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, Bàbá Ìdòwú ti ń ha gíríìnì kúrò lára kẹ́ẹ̀gì rẹ̀.

Ìyá wa yọ aṣọ yẹn jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí àwọn obìnrin bá bi í pé irú àwọ̀ wo nìyẹn, á ní pupa ni.

Àkúrẹ́ ni mò ń gbé báyìí. Mò ń ya èèpo ẹ̀yìn ìwé àti pátákó ìpolówó, àwọ̀ ni mo sì fi ń jẹun. Láìpẹ́ yìí ni ọmọ mi ọkùnrin gbé àwòrán igi kan bọ̀ láti ilé ìwé. Pupa ló fi kun gbogbo ewé rẹ̀, olùkọ́ rẹ̀ sì ti fagi lé e. Ọmọ́wùmí ìgbà yẹn ì bá ti di ìka rẹ̀ mú, kó gbé e sórí àwọ̀ tó yẹ, torí ó máa ń kán an lójú kí gbogbo ayé rí ohun tí òun rí. Èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í, mo ní kó sọ ohun tó rí nígbà tó ń wo igi náà fún mi. Ó sọ ọ́, ó pẹ́ lórí ẹ̀. Ìrẹsì jóná lórí iná, mo sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán.