Àpérò Iwájú Ọ́fíìsì Ọ̀gá

Ilé-ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí padà lẹ́yìn àrùn kòrónà ni, nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti Ìkọ̀lé títí dé Ọ̀tùn ti tutù yọ̀yọ̀, inú àwa akẹ́kọ̀ọ́ sì ń dùn pé a tún fojú kan ara wa. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ wà ní ilé-ìwé gíga lónìí, ẹ̀yin tí ẹ ń wọ mọ́tò lọ sí àpérò bí ẹni tó ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ilé-ìwé gíga kékeré kan lẹ́yìn Òmù-Èkìtì ni tiwa, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì. Ọ̀rẹ́ mi Bọ́sẹ̀dé, ọmọ Ọ̀tùn, ló kọ́kọ́ gbọ́ pé àwọn onímọ̀ kan fẹ́ ṣe àpérò ní Ìbàdàn, pé wọ́n á fún akẹ́kọ̀ọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára ní ẹ̀bùn ìrìn-àjò: mọ́tò, oúnjẹ àti ibi tí yóò sùn. Àwa mẹ́ta la kọ̀wé sí wọn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ ni Bọ́sẹ̀dé ń ṣèwádìí. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí a bá wú kì í pẹ́ tí inú rẹ̀ fi ń dúdú. Ó ń kó tirẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, ó ń fi èérún igi tútù láti ibi tí wọ́n ti ń la pákó bò ó, ó sì ń wo bí yóò ṣe pẹ́ tó kó tó bàjẹ́. Túndé, ọmọ ìlú Orin, ọmọkùnrin tí ohùn rẹ̀ kì í jáde, ń ṣèwádìí nípa kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀wà. Omi kànga ni tèmi.

Wọ́n mú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú kíláàsì ni Bọ́sẹ̀dé wà nígbà tí èsì wọlé sórí fóònù rẹ̀, ló bá figbe ta. Olùkọ́ wa ní, “Kí ló ta ọ́?” Bọ́sẹ̀dé na fóònù sí i. Obìnrin náà kà á, òun náà figbe ta.

Ọ̀gá tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló gbọ́dọ̀ fún wa láṣẹ láti lọ. Ọ̀gá nìkan ni gbogbo wa ń pè é. Ó gbọ́ ẹnu wa tán, ó kí wa kú oríire, ó wá ní, “Túndé, ìwọ lè lọ. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ lọ pe bàbá yín wá kó wá fọwọ́ sí i. Obìnrin kì í sùn síta láìjẹ́ pé bàbá rẹ̀ yọjú síbí.”

“Sà, Èkó ni bàbá mi wà,” ni mo wí.

“Kó wá láti Èkó.”

Bọ́sẹ̀dé ní, “Bàbá tèmi ti kú, sà. Ṣùgbọ́n ìyá mi wà.”

Ọ̀gá ní, “Bàbá ni òfin wí. Ẹ kó iṣẹ́ yín fún Túndé, kó bá yín sọ ọ́ níbẹ̀.”

A rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àfi bí Túndé ṣe fọhùn. “Sà, tí wọ́n bá bi mí ní ìbéèrè nípa ẹ̀gẹ́ Bọ́sẹ̀dé, kí ni mo fẹ́ sọ? Tí wọn ò bá lọ, èmi náà ò lọ.”

“Ìwọ lo mọ̀,” ni Ọ̀gá wí, ó sì fa ìwé tó wà níwájú rẹ̀ mọ́ra.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹgbẹ́ pe ìpàdé. Kọ́lá, ààrẹ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, gorí bẹ́ǹṣì. “Ẹ jẹ́ ká ti géètì pa! Ẹnikẹ́ni ò ní wọlé, ẹnikẹ́ni ò ní jáde!” Ariwo sọ. Mo dìde.

“Tí a bá ti géètì,” mo ní, “ọ̀rọ̀ géètì ni wọn yóò máa sọ títí. Kò sí ẹni tí yóò rántí ẹ̀gẹ́ mọ́. Wọn ò jẹ́ ká lọ sí àpérò? Ẹ jẹ́ ká ṣe àpérò náà síwájú ọ́fíìsì Ọ̀gá, ní àràárọ̀, títí wọ́n á fi gbà.”

Kọ́lá rẹ́rìn-ín. “Akọ̀wé, eré ọmọdé lèyí.”

“Wá wò ó lọ́la, kó o wá sọ bóyá eré ọmọdé ni.”

A dìbò, díẹ̀ báyìí la sì fi borí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Kọ́lá ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbé tábìlì lérí jáde láti inú kíláàsì.

A to àwọn tábìlì sábẹ́ igi tó kọjú sí fèrèsé Ọ̀gá. Túndé kó kòkòrò rẹ̀ sínú ìgò, èmi to omi kànga mi. Bọ́sẹ̀dé gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó gé èyí tí kò bò, ó dúdú. Ó gé èyí tó fi èérún igi bò, ó funfun bí ẹyin. Àwọn kan dá orin sílẹ̀ níbẹ̀: “Ẹ jẹ́ a lọ o, ẹ jẹ́ a lọ, ẹni tó ṣiṣẹ́ ni kó sọ ọ́.” Nígbà tí Ọ̀gá dé, ó dúró.

“Ta ló sọ ibí di ọjà?”

“A ò tajà, sà,” ni Bọ́sẹ̀dé wí. “Àpérò ni. Ẹ bi wá ní ìbéèrè.”

Ọ̀gá wọlé lọ. Fèrèsé rẹ̀ kò sì padé.

Lójoojúmọ́ ni èrò ń pọ̀ sí i. Àwọn olùkọ́ wá, àwọn tó ń gbálẹ̀ wá, àwọn ọlọ́kadà ẹnu géètì wá. Ọlọ́kadà kan na ìka sí ẹ̀gẹ́: “Ṣé kò ní máa rùn bíi pákó?” Bọ́sẹ̀dé gé e fún un, ó gbóòórùn rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó ní kó tún gé òmíràn. N kò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí ní ilé-ìwé yẹn. Àwa tí à ń bínú la tún ń gbádùn ara wa.

Ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan kí ìyá Bọ́sẹ̀dé tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò láti Ọ̀tùn, pẹ̀lú àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń dáko ẹ̀gẹ́. Bọ́sẹ̀dé búra pé kì í ṣe òun ló pè wọ́n. Túndé ń wo ilẹ̀.

Ọ̀gá jáde sí wọn. Màmá kúnlẹ̀. “Ẹ kú uṣẹ́ o, ọ̀gá.”

“Ẹ ṣé, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde.”

“Wọ́n ní ẹ ń wá bàbá ọmọ mi.”

“Òfin ni, mà.”

“Bàbá rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ lẹ́yìn ulé wa. Ṣé kí n lọ jí i wá ni?”

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀. “Mà, ẹ má bínú. Nígbà kan, mọ́tò kó àwọn ọmọ wa lọ sí ìrìn-àjò, ó gbókìtì. Àwọn ọmọbìnrin méjì ò padà wálé. Èmi ni wọ́n rán lọ sọ fún àwọn bàbá wọn. Láti ọjọ́ náà…”

A ò mọ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ̀. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ṣùgbọ́n ọ̀gá, ṣé ọ̀nà kì í pa ọmọkùnrin ni?”

Ọ̀gá mí kanlẹ̀, ó ní, “Mà, ẹ wọlé ká jókòó.”

Ọ̀gá gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ìgbìmọ̀ ilé-ìwé, wọ́n sì yí òfin náà padà. Bàbá lè fọwọ́ sí i, ìyá lè fọwọ́ sí i, ẹbí tó bá tọ́ ọmọ lè fọwọ́ sí i. Wọ́n wá fi kún un pé ọ̀rọ̀ náà ti kan ọkùnrin pẹ̀lú! Àwọn ọkùnrin figbe bọnu. Ìyá Túndé ní láti wá láti Orin, ó gbé iṣu sísè dání, ohun àkọ́kọ́ tó sì bi Ọ̀gá ni pé, “Kí ló jí gbé?” Ìyá àgbà mi wá láti Ìdó, ó tẹ̀ka fún mi, ó gbàdúrà fún gbogbo ọ́fíìsì kó tó lọ.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá sí ibùdókọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lọ. Ó fi ẹsẹ̀ ta táyà mọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kìlọ̀ fún dírẹ́bà títí ọkùnrin náà fi ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Orin la kọ dé Ìbàdàn.

Gbọ̀ngàn náà tóbi, ó kún. Mo sáré sọ ọ̀rọ̀ tèmi tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní kí n tún un sọ. Bọ́sẹ̀dé ṣàlàyé ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ tán. Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan dìde: “Ṣé o ti dán an wò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?”

“Rárá, mà. N ò tíì dán an wò. Ṣùgbọ́n màá dán an wò.”

“Ìdáhùn onímọ̀ nìyẹn,” ni obìnrin náà wí, gbogbo gbọ̀ngàn sì pàtẹ́wọ́. Èmi àti Túndé dìde lórí ìjókòó wa, à ń pariwo bí ẹni tó wà ní pápá bọ́ọ̀lù, títí ẹnì kan fi ní ká jókòó.

Nígbà tí mo bá wọn ọ̀rọ̀ náà wò lónìí, ayọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ìbànújẹ́ rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, kò sí ọdún tí obìnrin kì í sí nínú àwọn tó ń ti ibẹ̀ lọ sí àpérò. Ṣùgbọ́n a ò gba gbogbo ohun tí a bèèrè. A ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti dàgbà máa fọwọ́ sí ìwé ara rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ò tilẹ̀ mẹ́nu bà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ẹbí kankan, ibo ni yóò ti rí ẹni tí yóò bá a fọwọ́ sí i? Wọ́n sì yọ Kọ́lá nípò ààrẹ, wọ́n ní ó kó tábìlì ilé-ìwé síta láìgbàṣẹ. Òun tó pè é ní eré ọmọdé ló jìyà rẹ̀ fún gbogbo wa. Kò ráhùn sí wa rí, kò sì sẹ́ni tó tíì bẹ̀ ẹ́ títí di òní.

Mo ti di olùkọ́ ní Ìdó báyìí. Láìpẹ́ yìí, àwọn ọmọbìnrin kan láti ilé-ìwé náà ń lọ sí àpérò, wọ́n yà kí mi. Ọ̀kan bi mí pé, “Mà, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ní kí ẹ mú bàbá yín wá?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọn ò gbà mí gbọ́. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ni mo bi wọ́n pé ta ló fọwọ́ sí ìwé tiwọn.

“Mọ́mì mi,” ni ọmọ náà wí. Ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn náà wò ó. Ó wá fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi.

“Mà,” ó ní, “ẹ sọ fún wa bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ ìjà yín nígbà náà.”