Imú Ìyá Mi àti Ọ́ìlì Alùpùpù

Ìyá mi kò gun alùpùpù fúnra rẹ̀ rí, síbẹ̀ òun ló máa ń yan ọ́ìlì fún tèmi. Èmi náà ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí láàárín àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ra ọ́ìlì ní Ifangni, ìlú wa létí ẹnubodè, mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ sára ike kọ́ ló máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo. Àwọn kan wà tó ń kó ọ́ìlì tí wọ́n ti lò jọ, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á rọ ọ́ sínú ike tuntun, wọ́n á sì dé e bíi pé ọwọ́ ò kàn án rí. Téèyàn bá fi ojú wò ó, kò ní mọ̀.

Ìwé lèmi mọ̀. Ìwé kékeré tó bá alùpùpù mi wá sọ pé 20W-50 ni kí n máa lò, nítorí náà nọ́ńbà yẹn ni mo máa ń wá lára ike. Mo tún máa ń wò ó bóyá ti alùpùpù ni, torí pé ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ a máa mú kí kílọ́ọ̀ṣì yọ̀, ẹ́ńjìnì á máa pariwo, máṣíìnì kò sì ní rìn bó ṣe yẹ. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ tèmi parí sí. Ohun tó wà nínú ike, ó di ọwọ́ ìyá mi.

Epo pupa ló ń ṣe láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ẹ̀yìnkùlé wa ni ẹbu rẹ̀ wà, pẹ̀lú ìkòkò ńlá méjì àti kòtò tí a ti ń tẹ ẹyìn. Àwọn oníṣòwò máa ń ti òdìkejì ẹnubodè wá rajà lọ́wọ́ rẹ̀, tó bá sì ti ní epo kan dára, wọn kì í tún un wò. Bó ṣe ń dán epo rẹ̀ wò náà ló ṣe ń dán ọ́ìlì mi wò. Á da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á fi àtàǹpàkò ra á, á gbé e sí imú. Lẹ́yìn náà á ki ṣíbí kan bọ ẹyín iná, á kán ọ́ìlì náà sí i, á sì tẹ́tí sílẹ̀. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, á ta pàràpàrà. Bó bá ti ṣiṣẹ́ rí, èéfín rẹ̀ á sọ fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ti ike padà sí mi lọ́wọ́ pé, “Dá a padà fún un. Eléyìí ti ṣiṣẹ́ rí.” Ẹ̀ẹ̀mejèèjì náà ni ẹni tó tà á fún mi gbà á padà láìjanpata.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọ́ìlì tí mo gbé wá kò ta, kò sì rùn. Ìyá mi ní kí n gbà á. Mẹkáníìkì mi ti lọ sí Tchaada fún ìsìnkú, mo sì ní kí ló le nínú ká pààrọ̀ ọ́ìlì, ohun tí àwa níbí ń pè ní fidánjì. Mo tú bóòtì tó wà ní ìdí ẹ́ńjìnì, mo jẹ́ kí ọ́ìlì àtijọ́ ṣàn sínú agolo ọ̀dà kan, mo dé bóòtì padà, mo rọ tuntun sí i. Mo gbé agolo náà pa mọ́ lábẹ́ àjà, pé n óò fi ọ́ìlì àtijọ́ yẹn kun òpó ẹbu nítorí ikán. Inú mi dùn sí ara mi gan-an lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, ìyá mi ń gbálẹ̀ àgbàlá láàárọ̀. Ó dúró níbi tí alùpùpù mi sùn.

“Ọ́ìlì ń rùn níbí o,” ó ní. “Kì í ṣe epo tèmi.”

Mo ń so okùn bàtà mi lọ́wọ́. Mo ní, “Màmá, ilé elépo la wà. Kí lẹ fẹ́ kó máa rùn?”

Kò sí ẹni tó lè rí ẹ̀kán ọ́ìlì lórí ilẹ̀ wa. Epo tó ti ń dà sílẹ̀ láti ọdún dé ọdún ti mú kí ilẹ̀ náà dúdú, ó ń dán. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún gbóòórùn lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà ló ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò àṣejáde àwọn ọmọ kíláàsì mi ni alùpùpù kọṣẹ́. Èmi ló yẹ kí n kó wọn láti ilé ẹ̀kọ́ wa ní apá Lagbé lọ síbi ìdánwò. Mo ti gùn ún dé agbede méjì ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, táyà ẹ̀yìn dúró gbagidi, díẹ̀ ló kù kí n ṣubú. Mo tì í títí òógùn fi bo aṣọ mi, kí ọlọ́kadà kan tó gbé mi. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, olùkọ́ mìíràn ti kó àwọn ọmọ lọ. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá mi wí níwájú àwọn òbí. Kò pariwo, jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Mẹkáníìkì ti dé láti ibi ìsìnkú. Ó tú ẹ́ńjìnì, ó mi orí, ó pè mí ní Mẹ́tìrì bí wọ́n ti ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa.

“Mẹ́tìrì, ó ti gan. Ọ́ìlì ò sí nínú ẹ̀ mọ́. Ta ló ṣe fidánjì yìí?”

“Èmi ni.”

Ó mú bóòtì ìdí ẹ́ńjìnì, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó wo ojú mi. Ó gbé bóòtì náà kalẹ̀. Èmi ni mo bi í pé ṣé ọ́ìlì burúkú ni wọ́n tà fún mi.

“Bon, ó dáa,” ó ní, “ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Mẹ́tìrì. Ọ́ìlì tí ò dáa máa ń tètè jó tán.”

Èmi ni mo kọ́ ọmọ rẹ̀ méjì níwèé. Ní àdúgbò wa, ẹnu kì í yá èèyàn láti sọ fún olùkọ́ pé ó ṣàṣìṣe. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ló sọ fún mi, mo sì gbé e délé.

Obìnrin oníbàárà méjì láti òdìkejì ẹnubodè wà lọ́dọ̀ ìyá mi nígbà tí mo wọlé. Ó fẹ́ kán epo sí ṣíbí fún wọn. Ojú ń tì mí láti kọ ohun tí mo sọ, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

“Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbà á! Imú yín ti kú, Màmá. Ó ti kú, ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń yan epo fún àwọn wọ̀nyí?”

Àwọn obìnrin náà wo ilẹ̀. Ìyá mi gbé ṣíbí náà kalẹ̀ sórí òkúta ààrò.

“Ó ṣeé ṣe,” ó ní. “Àgbà ti ń dé.”

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ṣí kẹ́ẹ̀gì tó ti rà tẹ́lẹ̀, ó sì gbóòórùn rẹ̀ kó tó lọ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá mi rí i, èmi náà rí i.

Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Á se epo, á dán an wò, á tún ké sí ìyàwó aládùúgbò wa pé kó wá bá òun gbóòórùn rẹ̀. Nígbà mìíràn kò ní fẹ́ sọ̀ ọ́ kúrò lórí iná, á máa sọ pé ó lè kù díẹ̀, títí epo yóò fi jóná. Àwọn oníbàárà ń dín kù. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ fi dé, kò ṣe epo mọ́ rárá. Ó ń ta ẹyìn rẹ̀ fún àwọn tó ní ẹbu, ewé gbígbẹ sì kún kòtò wa. Èrè epo yẹn ni mo jẹ, òun ni mo fi kàwé, mo sì ń kọjá lára ẹbu náà láràárọ̀ láìsọ nǹkan kan. Mo ń dá ara mi láre.

Ikán ló mú mi rántí agolo ọ̀dà náà. Wọ́n ti ń jẹ òpó ẹbu. Mo gbé agolo jáde, mo ń ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, mo ń kun òpó. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọ́ìlì náà tán, búrọ́ọ̀ṣì kan nǹkan kan nísàlẹ̀. Mo fi ìka wá a jáde. Òrùka bàbà pẹlẹbẹ ni, kò fẹ̀ ju èékánná lọ.

Mo mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó wà nínú àwòrán ìwé kékeré yẹn. Abẹ́ bóòtì ìdí ẹ́ńjìnì ni wọ́n máa ń fi í sí kí ọ́ìlì má baà máa jò. Ó ti bọ́ sínú agolo nígbà tí mo tú bóòtì, èmi kò sì mọ̀. Ọ́ìlì tí ìyá mi yàn fún mi dára. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kán sórí ilẹ̀ àgbàlá wa, òun nìkan ló sì gbóòórùn rẹ̀.

Mo jókòó sẹ́bàá kòtò náà, mo sunkún. Lẹ́yìn náà mo mú òrùka lọ fún mẹkáníìkì. Kò yà á lẹ́nu.

“Mo rí i lọ́jọ́ yẹn pé kò sí níbẹ̀,” ó ní. “Mo rò pé ẹ̀yin náà ti mọ̀, Mẹ́tìrì.”

Mo padà sílé, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gba òrùka náà, ó yí i lọ́wọ́, ó gbé e sí imú, ó dá a padà fún mi.

“O ṣeun,” ó ní. “Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí pé kí o wá bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n má parọ́ nítorí mi.”

“Màmá, kì í ṣe irọ́! Ẹ rántí àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń gbálẹ̀. Ẹ ní ọ́ìlì ń rùn, ẹ ní kì í ṣe epo tiyín.”

“Èmi?” Ó ronú díẹ̀. “Mi ò rántí. Níbo lo ti ra òrùka yẹn?”

Mo ní kí n lọ pe mẹkáníìkì wá. Ó ní kí n má da ọmọ ọlọ́mọ láàmú, pé ohun tí mo bá ní kó sọ náà ni yóò sọ.

Ẹ́ńjìnì mìíràn ló wà lára alùpùpù mi báyìí. Nígbàkigbà tí àkókò ọ́ìlì bá tó, mo máa ń gbé ike tuntun àti ṣíbí ìyá mi síwájú rẹ̀. Á ní kí n mú un tọ mẹkáníìkì lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń se ọbẹ̀ nígbà tí mo jókòó tì í, mo ki ṣíbí náà bọ ẹyín iná, mo sì kán ọ́ìlì sí i fúnra mi. Kò ta. Èéfín dìde díẹ̀. Mo ní, “Màmá, báwo ló ṣe ń rùn?”

Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì fi etí ìró rẹ̀ bo imú kó má baà gbóòórùn rẹ̀.