Ìdí Tí Ìyá Onílé Mi Fi Ń Gbé Omi Gbígbóná Dè Mí

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò sì parí ìkẹfà. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fi pamọ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn oníwèé tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní warehouse ní Bolton, lẹ́bàá Toronto níbí, kò sí ẹni tó lè di ẹrù bíi tèmi. Èèrà tó bá wà nínú páálí nígbà tí mo bá dì í, ibẹ̀ ló máa kú sí. Ìlú Guangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà ni mo ti kọ́ ọ. Ọdún mẹ́jọ ni mo lò níbẹ̀ kí n tó wá sí Toronto, tí mò ń bá àwọn oníṣòwò wa tó wá ra bàtà àti aṣọ di ẹrù sínú kọ̀ńténà. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ mí lọ́jà yẹn.

Ìyàwó mi àti ọmọ mi obìnrin wà ní Ìbàdàn nígbà náà. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mo fi í sílẹ̀. Nígbà tá a máa tún jọ gbé abẹ́ òrùlé kan, níbí ní Toronto, bàtà òun àti ti ìyá rẹ̀ ti di iye kan náà.

Orí fóònù ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn Guangzhou. Mo sọ fún un pé bí mo bá ń kọjá lọ, àwọn èèyàn á dúró, wọ́n á bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ káwọn bá mi ya fọ́tò. Mo sọ fún un pé ìyá onílé mi, ẹni tó lé lọ́gọ́rin ọdún, fúnra rẹ̀ ló ń gbé omi gbígbóná kalẹ̀ dè mí láràárọ̀. "Bí ọba ni mo ṣe gbé níbẹ̀." Bí mo ṣe máa ń parí ìtàn náà nìyẹn. Mo ti sọ ọ́ nílé. Mo ti sọ ọ́ ní mọ́sáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo ti sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa lọ síṣẹ́, débi pé awakọ̀ wa, ọmọ Íńdíà kan tó ń gbé Brampton, tí kò gbọ́ Yorùbá, ti mọ ibi tó yẹ kóun ti rẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún báyìí. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó wọlé, ó ní òun ti ríṣẹ́. Mo ní níbo. Ó ní Guangzhou, pé òun fẹ́ lọ máa kọ́ àwọn ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún méjì, pé ọjọ́ Jímọ̀ lòún gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé.

Mo ní kí ló dé. Yorùbá ni mo máa ń bá a sọ, Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń fi dá mi lóhùn, a kì í sì í ṣi ara wa gbọ́. Ó ní ṣebí èmi náà ni mo sọ pé kò síbi tó dà bíi rẹ̀.

Ìyàwó mi ń gé ẹ̀fọ́. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó dúró kí ọmọ wọ yàrá rẹ̀, ó wá kọjú sí mi.

"Ẹnu yín lẹ fi rán ọmọ yìí lọ. Ẹnu yẹn náà ni kẹ́ ẹ fi dá a dúró."

"Kí ni kí n wá sọ?"

"Òótọ́."

Ohun tí obìnrin yìí ń béèrè kò kéré.

Mo gbìyànjú ọ̀nà mìíràn ná. Lọ́jọ́ Ajé, mo ní kò sí iṣu níbẹ̀. Ó fi fóònù hàn mí, ó ní iṣu rèé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní ooru ibẹ̀ pọ̀. Ó wo yìnyín lójú fèrèsé, ó tún wò mí. Lọ́jọ́rú, mo ní ọ̀nà ibẹ̀ jìn, pé ọdún mẹ́jọ lè lọ kéèyàn tó mọ̀. N kò dúró gbọ́ èsì, mo gba ibi iṣẹ́ lọ.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, mo ní kó jókòó.

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ omi gbígbóná yẹn, ó ní bó ṣe jẹ́."

Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo sùn jí nílé náà, mo bá ìyá onílé lórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n tọ́ mi dáadáa nílé wa. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀, mo ní ẹ káàárọ̀ mà. Ìyá figbe ta. Kí n tó dìde, èèyàn mẹ́rin ti dì mí mú. Ẹnì kan gbé ẹsẹ̀ mi sókè. Ẹnì kan fi èékánná àtàǹpàkò tẹ ààrin imú àti ètè mi, nítorí bí wọ́n ṣe ń jí ẹni tó bá dákú níbẹ̀ nìyẹn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo gbọ́ nínú èdè wọn nígbà náà, òun ni "Ó ti wọ́n jù." Mo ń sọ ọ́, wọ́n ń tẹ̀ mí mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo tún dọ̀bálẹ̀, torí ọmọlúàbí kì í torí ọjọ́ kan pa ìwà dà. Wọ́n tún tẹ imú mi. Láti ọjọ́ kẹta ni ìyá ti ń gbé fúlásíkì dè mí. Kò sí àìsàn tí wọn kì í fi omi gbígbóná wò nílùú yẹn. Wárápá ni wọ́n rò pé ó ń ṣe mí. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi mu ún.

Ọmọ mi ti da ojú bolẹ̀ sórí tábìlì, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Ó ní àwọn tó ń ya fọ́tò ńkọ́?

"Wọ́n yà á. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó nínú ọkọ̀ ojú irin, àyè ẹ̀gbẹ́ mi máa ń ṣófo títí a ó fi dé ibi tí à ń lọ."

Mo sọ ti ibà kan tó kọlù mí. Lọ́dún karùn-ún ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dùbúlẹ̀ ní yàrá mi lájà karùn-ún, ilé tí kò ní lífítì. Oògùn wà lọ́wọ́ mi, n kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ́jà kò wá, wọ́n rò pé mo rìnrìn-àjò ni, torí èmi náà ni mo máa ń sọ fún wọn pé ìgbà tó bá wù mí ni mò ń wọ bàálù. Lọ́jọ́ kẹta, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Á gun díẹ̀, á dúró. Á tún gun díẹ̀. Ìyá onílé ni, tòun ti fúlásíkì. Ó rí i pé n kò sọ̀kalẹ̀ wá mu omi. Ká ní kò ti gbà tẹ́lẹ̀ pé aláìsàn ni mí ni, kò ní wá.

Ní Toronto níbí, kò sẹ́ni tó máa wo èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Ara tu mí púpọ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣubú nínú lífítì ilé wa ní Jane and Finch, wọ́n á rọra gba orí mi kọjá, wọ́n á ní sorry. Àfi ìyá ará Jàmáíkà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ìyẹn máa ń dá sí ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn.

Ọmọ mi nu ojú. Ó ní òun kò gba ìtàn ọba yẹn gbọ́ rí, àtikékeré. Ó ní èyí, òun gbà á gbọ́. Ó ní ìlú tí ìyá àgbà ti lè gun àjà márùn-ún nítorí àjèjì, òun fẹ́ fojú òun rí i. Ó fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra, ó sì fọwọ́ síwèé níṣojú mi, Jímọ̀ kò tíì pé.

Ìyàwó mi ní, "Òótọ́ ni mo ní kẹ́ ẹ sọ. Ẹ tún wá ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́!"

Èmi ni mo di àpótí rẹ̀. Kílò mẹ́tàlélógún ni wọ́n ní kó gbé, ọwọ́ ni mo fi wọ̀n ọ́n. Kò gbà, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Kílò mẹ́tàlélógún géérégé. Mo kàn dúró síbẹ̀ títí ìyá rẹ̀ náà fi rí i.

Mo kìlọ̀ fún un. Mo ní, "Bó o bá rí àgbàlagbà níbẹ̀, má kúnlẹ̀ o. Tẹ orí ba díẹ̀. Ohun tó bá fún ẹ, fọwọ́ méjèèjì gbà á, kó o mu ún."

Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti dé Kánádà, "Hi Daddy" ni gbogbo ìkíni tí mo mọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, mo gbé àpótí síwájú lífítì. Mo yíjú padà, mo bá a lórí eékún méjèèjì lórí kápẹ́ẹ̀tì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tẹrí ba. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá ará Jàmáíkà ṣílẹ̀kùn, ó rí i nílẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó sáré padà wọlé.

Mo ní kí ọmọ mi tètè dìde, kí wọ́n tó gbé omi gbígbóná dé.